Oògùn Ràímì, Irùngbọ̀n Mi

Wàláhì, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Mo fi Ẹni tó dá mi búra, bí mo bá bu irọ́ lé e, kí ọ̀nà tí mo ti ń rìn láti kékeré gbé mi mì lónìí. Mo mọ̀ pé ẹ lè máa wí pé kí ni alárìnkiri bí èmi mọ̀ ju irọ́ lọ. Ẹ ò jẹ̀bi. Mo ti gbé gẹdú, mo ti ṣọ́gbà, mo ti sùn lábẹ́ ọkọ̀ àjàgbé, mo ti purọ́ fún ọlọ́pàá, mo ti purọ́ fún obìnrin. Ṣùgbọ́n ta ni yóò purọ́ mọ́ òkú tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa lójú dé? Ẹ wò mí dáadáa. Gbogbo orí mi ti funfun, síbẹ̀ kò sí irùngbọ̀n lágbọ̀n mi. Mo ń fá a lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo máa ń fá a títí awọ á fi pọ́n. Àwọn ọmọ àdúgbò tí mo ń gbé báyìí ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní bàbá arúgbó tó fẹ́ fẹ́ ìyàwó kékeré. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ ohun tí irùngbọ̀n yìí ti gbà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Àwọn ọdún tí náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di yẹ̀yẹ́ ni mo dé Ìlọrin. Mo bá ọkọ̀ ẹlẹ́ran kan wá láti òkè Ọya, ọkọ̀ náà kú sí ọjà Ìpàtà, awakọ̀ sá lọ, èmi náà kò sì ní ibòmíràn tí mò ń lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í já iṣu àti àpò ọkà nínú ọkọ̀ fún àwọn oníṣòwò. Bílẹ̀ bá ṣú, màá wá ibi tí òjò kò dé, màá na ẹ̀yìn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ní àdúgbò Fate ni mo sùn sí tí ilẹ̀ fi mọ́ lọ́jọ́ kan, tí mo lajú tí mo rí ọmọdékùnrin kan tó dúró lé mi lórí, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ọmọ, lọ sọ fún ọ̀gá ẹ pé mi ò jí nǹkan kan o, òjò ló lé mi wọ ibí." Ó ní, "Bàbá, ọ̀gá náà ló ń gbọ́ yín yìí. Ẹ dìde kí n rí ilẹ̀kùn ṣí." Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo rí i pé kò rẹ́rìn-ín ni mo pa ẹnu mi dé.

Ràímì ni orúkọ rẹ̀. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nígbà yẹn. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ló fi ń ṣe ọnà sára fìlà àti ẹ̀wù àwọn àfáà ńlá, iṣẹ́ tó jẹ́ pé wọ́n ń ti ìlú mìíràn wá gbé e fún un. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ga jù ú lọ débi pé wọ́n á dọ̀bálẹ̀ tán kí orí wọn tó relẹ̀ ju tirẹ̀ lọ. Àìsàn tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀la-dìde ló bá a wáyé, èyí tó máa ń mú kí egungun ro èèyàn bí ẹni pé wọ́n ń fi òòlù fọ́ ọ. Òun ni kò jẹ́ kó ga, òun ni kò jẹ́ kó hu irùngbọ̀n. Ojú rẹ̀, ojú ọmọ tó fẹ́ jáde ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń pa òwe yẹn, tó bá sì ti pa á tán, á gún aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé aṣọ náà ló ṣẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n wá máa sùn nínú yàrá òun. Mi ò mọ ìdí títí di òní. Bóyá nítorí pé láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń pè é ní "Ọ̀gá", tí mi ò sì fi ṣàwàdà.

Nígbà tí ìrora yẹn bá dé, kí Ọlọ́run má fi hàn yín. Mo ti rí ẹni tí ọkọ̀ gé lẹ́sẹ̀ tó ń ké bí ẹran. Igbe rẹ̀ kò bà mí lẹ́rù tó bí Ràímì ṣe máa ń dákẹ́. Oògùn kan wà tó máa ń bá a rọ̀ ọ́, oògùn líle, dókítà ló kọ ọ́ fún un. Alhájì kan tó ní kẹ́mísì ní Ọjà Tuntun ló ń bá a wá a, òun náà ló ń fi rán èèyàn lórí kẹ̀kẹ́ wá sílé, torí ọjọ́ tí Ràímì bá nílò rẹ̀ gan-an ni kì í lè rìn. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, àwọn ọmọ iléèwé ti ń gbé irú oògùn bẹ́ẹ̀ mì láti fi yó. Ọ̀kan nínú wọn sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kò jí mọ́. Ìjọba sì ti ilẹ̀kùn kẹ́mísì tó tà á fún un pa. Láti ìgbà náà ni Alhájì ti ń kìlọ̀ fún ẹni tó ń jíṣẹ́ fún un pé, "Ọwọ́ àgbà. Bí kì í bá ṣe ọwọ́ àgbà, gbé e padà." Òfin yẹn dára. Mi ò jókòó síbí láti bú òfin.

Ẹni tó ń gbé oògùn náà wá tẹ́lẹ̀ mọ Ràímì bí ẹni mọ owó. Ìyẹn wá bá Èkó lọ, Sálíù sì gba ipò rẹ̀. Géńdé ni Sálíù, ó fẹ́ràn àṣẹ bí ajá ṣe fẹ́ràn eegun. Ìgbà tó kọ́kọ́ wá, ìrọ̀lẹ́ ni, èmi àti Ràímì jọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó gba orí Ràímì kọjá, ó tẹríba fún mi. "Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ṣé ẹ̀yin ni Ràímì aránṣọ?" Kí n tó la ẹnu, Ràímì ti dáhùn: "Àwọn ni." Sálíù fi oògùn sí mi lọ́wọ́ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Mo yíjú sí Ràímì pé kí ló dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ó ti rẹ̀ mí, bàbá. Gbogbo ibi tí mo bá dé, àfi kí n kọ́kọ́ ro ẹjọ́ ọjọ́ orí mi. Ní báǹkì. Lọ́jà. Ní mọ́sálásí, wọ́n á tún fà mí lápá sẹ́yìn sí àárín àwọn ọmọdé. Ẹ jẹ́ kó máa pè yín ní Ràímì. Irùngbọ̀n yín ò ṣiṣẹ́ kankan tẹ́lẹ̀." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Báyìí ni èmi tí mi ò lè fi okùn bọ ojú abẹ́rẹ́ ṣe di Ràímì aránṣọ, tí Ràímì sì di ọmọ kan tó máa ń jókòó ti bàbá lẹ́nu ọ̀nà. Bí irùngbọ̀n bá jẹ́ àgbà ní tòótọ́, ṣé òbúkọ kọ́ ni ì bá máa parí ìjà nílùú?

Obìnrin kan ń gbé inú ilé tí yàrá Ràímì wà, Ìyá Sáfù. Abúlé kan náà ni ọkọ rẹ̀ àti Ràímì ti wá, ṣùgbọ́n Kánò ni ọkọ ti ń ṣòwò, a kì í rí i. Lọ́jọ́ tí obìnrin yìí kó dé, ó rí Ràímì lẹ́nu ọ̀nà, ó na owó sí i. "Ìwọ ọmọ yìí, sáré bá mi ra iyọ̀ wá." Ẹ̀yin náà mọ bí ilẹ̀ wa ṣe rí, ọmọ tí a bá ti rí là ń rán, a kì í béèrè ọmọ ta ni. Ràímì wo ẹ̀yìn, kò rí ọmọ kankan. Ó ní, "Èmi àti ọkọ ẹ la jọ kéwú níwájú àfáà kan náà. Nígbà tí ọkọ ẹ ń tọ̀ sórí ẹní, èmi ni mo máa ń bá a gbé e sá kí àfáà má baà rí i." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Sáfù náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eyín lásán ló fi rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá rí Ràímì, "Àgbààgbà!" ló ń kí i, á fa ọ̀rọ̀ náà gùn bí ẹni ń fa okùn ewúrẹ́. Èmi náà rò pé eré ni.

Ọ̀sẹ̀ kan wá dé nínú ọyẹ́, ọyẹ́ tó ń gé ètè. Oògùn Ràímì tán, egungun sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó ní ọjọ́bọ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ọjà Tuntun lọ sọ fún Alhájì. Ó ní oògùn náà ṣì ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń kó o wá fún òun, pé Sálíù á gbé e wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì bó ṣe máa ń ṣe. Ìyẹn ni mo gbọ́kàn lé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fi aṣọ wé Ràímì, mo gbé omi sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ẹ máa lọ, bàbá. Ẹ kàn rí i pé ẹ padà dé kí Sálíù tó dé." Mo lọ sí Ìpàtà, ọkọ̀ iṣu ti wọlé. Ohun tí gbogbo wa gbàgbé, àti Alhájì tó dá ìrọ̀lẹ́ fún mi, ni pé ọjọ́ Jímọ̀ ni. Ní ọjọ́ Jímọ̀, Alhájì máa ń ti kẹ́mísì kí àkókò ìrun tó tó, nígbà tó sì rántí, ó ní kí Sálíù tètè pín gbogbo ẹrù láàárọ̀.

Bí mo ṣe wọlé padà lọ́sàn-án, Ìyá Sáfù ló wà lójúde, ó ń fẹ́ ọkà. Ẹ̀rín ti kún ẹnu rẹ̀ kí n tó kí i. "Bàbá, ẹ ò bá wa níbẹ̀! A rí eré láàárọ̀ yìí!" Ó gbé atẹ sílẹ̀ kó lè fi ọwọ́ ṣe é fún mi. Ó ní Sálíù dé, ó béèrè Ràímì. Ràímì wọ́ ara rẹ̀ jáde, ó ní, "Èmi ni." Sálíù ní, "Ìwọ? Bàbá ẹ dà?" Ó ní, "Mi ò ní bàbá níbí. Èmi ni mo ni oògùn yẹn." Sálíù ní kó gbé ọwọ́ lé orí, kó fi di etí kejì mú, bí wọ́n ṣe ń wo ọmọ tó fẹ́ wọ iléèwé. Ó ṣe é. Sálíù ní, "O káre. Ó yá, lọ sí kíláàsì kìn-ín-ní." Ó ní kó fi irùngbọ̀n han òun, kò sí. Ó ní kó ká ẹ̀wù sókè kó fi irun abíyá han òun. "Bàbá, ó ká a o! Nínú òtútù yìí!" Ìyá Sáfù gbá ọwọ́ mọ́ itan. "Ó na apá sókè báyìí, ó ń gbọ̀n bí òròmọdìẹ! Sálíù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wò ó, ó ní òun rí i, ó jọ ti ìdí ọ̀pọ̀lọ́!" Mo bi í pé kí ni òun fúnra rẹ̀ wí. "Èmi kẹ̀? Sálíù ló bi mí. Ó ní, 'Ìyá, ẹ dákun, ẹ̀yin lẹ jọ ń gbé, ṣé àgbà nìyí àbí ọmọdé?' Mo ní, 'Ọmọdé ni, má fún un. Bàbá onírùngbọ̀n ló ń gba ẹrù nílé yìí.' Àgbààgbà wò mí bí ẹni tó fẹ́ gbé mi mì! Ṣé òun náà rántí iyọ̀ báyìí?"

Mo ní, "Níbo ló wà?" Ó ní Sálíù sọ fún Ràímì pé bí bàbá bá dé kó wá gba oògùn ní kẹ́mísì, ni Ràímì bá di ògiri mú, ó jáde, ó ní Alhájì mọ òun, Alhájì á fún òun. Láti Fate dé Ọjà Tuntun! Ẹni tí kò lè rìn láti orí ẹní dé ibi ìkòkò omi! Kò sí epo nílùú lásìkò yẹn, ọkọ̀ kò pọ̀, awakọ̀ wo ni yóò sì dúró fún ọmọdé tó dá nìkan na ọwọ́ sí ọkọ̀? Mo sáré. Èmi tí mo ti gbé iṣu láti àárọ̀, mo sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé ní olè, àwọn kan tilẹ̀ pariwo olè tẹ̀lé mi.

Ìrun Jímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tán nígbà tí mo dé ibẹ̀, èrò ń jáde láti mọ́sálásí. Ilẹ̀kùn kẹ́mísì wà ní títì. Ràímì dùbúlẹ̀ sórí pákó tó wà níwájú rẹ̀, ó ká ara rẹ̀ jọ bí ọmọ inú oyún. Àwọn tó ń ti ìrun bọ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, wọ́n ń wò ó bí ọmọ aláìlóbìí tó ń tọrọ bárà, wọ́n sì ń ju sàráà sí i. Mo rí kọ́bọ̀ lórí àyà rẹ̀. Mo rí kọ́bọ̀ nínú ìká apá rẹ̀. Lójú mi, bàbá kan tó wọ ẹ̀wù tí Ràímì fúnra rẹ̀ ṣe ọnà sí, mo mọ iṣẹ́ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀, ó fi owó sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, ó ní, "Ọlọ́run á wò ẹ́, ọmọ mi." Ó sì ń lọ.

Mo gbé orí rẹ̀ lé itan. Ó la ojú, ó mọ̀ mí. Mo ní, "Ọ̀gá, mo ti dé." Ètè rẹ̀ ti là, ẹ̀jẹ̀ gbẹ sí i. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ rojọ́ fún àgbà ilé. Ó ní, "Wọ́n ní mi ò tíì dàgbà." Mo di í mú títí tí mo fi mọ̀ pé èmi nìkan ló kù níbẹ̀, mo sì pa á lójú dé.

Ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí Alhájì àti Sálíù fi dé láti mọ́sálásí. Sálíù ló kọ́kọ́ rí mi. Ẹ gbọ́ o, mo ti búra lẹ́ẹ̀kan. Ó tẹríba, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó fi oògùn náà sí mi lọ́wọ́ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, lórí òkú. "Bàbá Ràímì aránṣọ, ẹ kú Jímọ̀. Oògùn yín rèé. Ọmọ yín yìí fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi láàárọ̀, mi ò gbà fún un." Ó ń retí kí n yìn ín. Alhájì wo ilẹ̀, kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Lá iláha ila Lọ́ọ̀. Ràímì kọ́ nìyí?" Sálíù wò mí, ó wo òkú, ó tún wò mí. Ó ní, "Ràímì èwo, Alhájì?"

A gbé e padà sí Fate, wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi aṣọ funfun wé e. Abúlé jìnnà, ìròyìn kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀, wọn kì í sì í fi òkú mùsùlùmí pamọ́. Àfáà àdúgbò tó wá kírun sí i lára wo bó ṣe gùn mọ, ó bi wá pé, "Ṣé ó ti bàlágà?" Ẹni tí kò bá mọ̀, kó mọ̀: adúà òkú ọmọdé yàtọ̀ sí ti àgbà. Ọmọdé kò ní ẹ̀ṣẹ̀, wọn kì í tọrọ àforíjìn fún un. Mo ní, "Àgbà ni." Àfáà bi mí bóyá ẹbí rẹ̀ ni mí, mo ní rárá. Ó ní ẹni tó bá mọ ìdílé rẹ̀ ni kó jẹ́rìí. Ẹ̀yin èèyàn mi! Ìyá Sáfù ló jáde, ó fi ìborùn bo orí. Ó ní, "Àfáà, ó ti bàlágà tipẹ́tipẹ́. Òun àti ọkọ mi ni wọ́n jọ kéwú. Ó tilẹ̀ ju ọkọ mi lọ." Ó sọ ọ́ geere, bí ẹni ń ka súrà tó ti há sórí tipẹ́. Ó ń sunkún, omijé gidi ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àfáà ní, "Ọlọ́run á fi àlùjánńà san yín lẹ́san, ìyá." Wọ́n sì kírun àgbà sí Ràímì lára.

Mi ò sùn nínú yàrá yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé Sálíù ṣì ń gun kẹ̀kẹ́ Alhájì kiri, torí Alhájì ní ohun tí òun rán an ló ṣe. Mo gbọ́ pé Ìyá Sáfù ń sọ fún àwọn èèyàn pé òun ni òun jẹ́rìí fún Ràímì lọ́jọ́ ikú rẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Mo ti rin ọ̀nà púpọ̀, mo ti rí ẹni tó fi àdá gé èèyàn, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ohun tó le tó kí ẹnu kan náà, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, sọ èèyàn di ọmọdé nígbà tó wà láàyè, kó sì sọ ọ́ di àgbà nígbà tó kú. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ẹrù lọ sí ilé onílé, ẹ̀yin tí wọ́n fi òfin sí lọ́wọ́, ẹ pa òfin mọ́, ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni náà ní ọ̀rọ̀ kí ẹ tó wo agbọ̀n rẹ̀. Ẹ̀yin alábàágbé, bí wọ́n bá bi yín léèrè nípa ẹnì kejì yín, ẹ rántí pé kì í ṣe iyọ̀ ni wọ́n ń bi yín.

Èmi rèé, ọjọ́ tí mo bá fẹ́ fá irùngbọ̀n ni mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ jù. Kò sí ìbínú nínú ohùn náà. Kò sunkún. Ó kàn ń jíṣẹ́ fún mi ni.

Wọ́n ní mi ò tíì dàgbà.

Wọ́n ní mi ò tíì dàgbà.